Ṣájà ọlọ́gbọ́n, ṣájà oní-táímà, ṣájà lásán: èwo ló bá bátìrì ilé yín mu?

Máíkì aláìníwáyà kú mọ́ àlùfáà wa lọ́wọ́ ní ọjọ́ Àìkú kan, ní àárín àdúrà gan-an. Èmi ni mo ń bójú tó ẹ̀rọ ohùn ní ìjọ wa n'Íbàdàn, èmi náà ni mo sì ki bátìrì méjèèjì tó wà nínú rẹ̀ bọ ṣájà láti alẹ́ Sátidé. Nígbà tí mo yọ wọ́n lówùúrọ̀, iná orí ṣájà ti di àwọ̀ ewé, ọkàn mi sì balẹ̀. Lẹ́yìn ìsìn ni mo tó fi mítà wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan wà ní fólítì 1.27, èkejì ti já sí 0.9. Ọ̀kan kún, ìkejì rẹ̀ ò kún, ṣájà sì ti ní kí àwọn méjèèjì máa lọ.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi ṣájà wé ṣájà. Mo ti lo oríṣi mẹ́ta tó wà lọ́jà, mo sì ti ki bátìrì oríṣiríṣi bọ̀ wọ́n: fíngà ti máíkì àti ẹ̀rọ ìfúnpá bàbá mi, fíngà kékeré ti rìmóòtù, bátìrì ńlá ti rédíò ìyá mi, àti 9V onígun mẹ́rin. Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí ni pé, "Ṣájà wo ló dára jù?" Mo máa ń dá ìbéèrè padà fún wọn: bátìrì wo lẹ ń lò, mélòó ni, wákàtí mélòó sì ni iná fi ń wà ládùúgbò yín lójúmọ́? Ẹni tó bá ti dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yan ṣájà rẹ̀ tán.

Kí ẹ tó wo ṣájà, ẹ wo ara bátìrì

Kì í ṣe gbogbo bátìrì ló ń gba iná padà. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì olówó pọ́ọ́kú tó kún ìsọ̀ wa, àti alkaline tí wọ́n kọ 1.5V sí lára, ìlò ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n. Ẹ má ki wọ́n bọ ṣájà kankan. Gáàsì ni yóò kóra jọ sínú wọn, wọn á wú, wọn á ṣomi, wọ́n sì lè bẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa la dàgbà bá àṣà ká sá bátìrì sóòrùn, tàbí ká fi eyín tẹ̀ ẹ́ lára kí rédíò lè parí ìròyìn. Oòrùn kò fi iná kún bátìrì. Ìyókù tó wà nínú rẹ̀ ló ń mú kó jáde. Ti eyín yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá àwọn ọmọ wí kí wọ́n jáwọ́, torí kẹ́míkà inú rẹ̀ ń jó ẹnu.

Bátìrì tí ọ̀rọ̀ wa dá lé ni NiMH, irú èyí tó ń gba iná padà. Ẹ óò rí orúkọ náà lára rẹ̀ pẹ̀lú 1.2V. Àwọn kan máa ń bẹ̀rù 1.2 yìí, wọ́n ní ó kéré sí 1.5. Òótọ́ ni pé ó kéré, ṣùgbọ́n alkaline kì í dúró sí 1.5, bí ẹ ṣe ń lò ó ló ń já bọ̀, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi wá sí 1.2 tí yóò tún kọjá á lọ sísàlẹ̀. NiMH ní tirẹ̀ máa ń dúró sí àyíká 1.2 fún ọ̀pọ̀ jù lọ àkókò tí ẹ fi ń lò ó. Ìdí nìyẹn tí máíkì wa fi ń pẹ́ lórí rẹ̀ ju bí mo ṣe rò lọ.

NiCd ni ẹ̀gbọ́n NiMH. Bí ẹ bá ṣì ní i nílé, ẹ rántí pé májèlé ni cadmium inú rẹ̀, kò yẹ ní ààtàn, kò sì yẹ nínú iná.

Àwọn méjì kan wà tí ojú wọn jọ fíngà tó sì lè ṣi yín lọ́nà. Àkọ́kọ́ ni 14500. Gígùn rẹ̀ àti ìpọn rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti fíngà, ṣùgbọ́n lithium fólítì 3.7 ni, ó sì lè ba ohun èlò tó ń retí 1.5 jẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fi sí ìdí ṣájà tó jẹ́ ti NiMH nìkan. Èkejì ni lithium 1.5V tó ní ihò USB lẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí tó bá ṣájà tirẹ̀ wá. Ìyẹn dára fún ohun èlò tó bá ń kọ̀ láti fi 1.2V ṣiṣẹ́, àmọ́ ṣájà NiMH kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ sì ṣọ́ra fún nọ́ńbà ara rẹ̀: mWh ni wọ́n sábà máa ń kọ, kì í ṣe mAh. mAh ni ìwọ̀n iná tí bátìrì lè gbà sínú; bí ẹ bá fi fólítì sọ ọ́ di púpọ̀, ó di mWh. Tí wọ́n bá kọ 3000 mWh sára 1.5V, bí 2000 mAh nìyẹn. NiMH 2000 mAh tí ẹ ní nílé náà, tí ẹ bá fi mWh kà á, 2400 ni.

Ṣájà mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

Ṣájà lásán ni èyí tó ń fúnni níná tí kì í wò ó bóyá bátìrì ti yó. Iná díẹ̀díẹ̀ ló máa ń fi sí i, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tí bátìrì lè gbà. Fíngà 2000 mAh lórí 200 mA (mA ni ìwọ̀n bí iná ṣe ń wọlé sí) gba nǹkan bí wákàtí 16. Ẹ lè ní kí ló dé tí kì í ṣe 10: nítorí pé kì í ṣe gbogbo iná tó wọlé ló ń dúró, apá kan ń di ìgbóná. Nítorí pé iná rẹ̀ kéré, kì í tètè pa bátìrì lára bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀ fún wákàtí kan tàbí méjì. Tí ẹ bá fi í síbẹ̀ láti ọjọ́ Ajé di ọjọ́ Ẹtì, ìyẹn ti di ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ṣájà oní-táímà ń ka wákàtí. Wọ́n ti pinnu fún un níbi tí wọ́n ti ṣe é pé kó máa fúnni níná fún wákàtí mẹ́jọ, àpẹẹrẹ, kó sì dá dúró. Òun ni mo ń lò lálẹ́ Sátidé yẹn. Níbi tí iná kì í já, ó ṣeé fara mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ohun tí wọ́n fi ń rántí ibi tí wọ́n ka wákàtí dé. Ẹ jẹ́ ká ní ẹ ti bátìrì bọ̀ ọ́ ní aago méje alẹ́. Aago kan òru, iná lọ. Aago méjì, iná dé. Ṣájà bẹ̀rẹ̀ ìṣirò rẹ̀ láti òdo. Bátìrì tó ti gba wákàtí mẹ́fà á tún gba mẹ́jọ mìíràn, àròpọ̀ 14, nígbà tó jẹ́ pé mẹ́jọ ló nílò. Ní ilé tí iná ń lọ tó ń bọ̀ ní ìgbà mẹ́ta mọ́jú, ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín. Ìgbóná yẹn ló ń gbẹ omi inú bátìrì, òun ló sì ń jẹ́ kí bátìrì tó yẹ kó lo ọdún mélòó kan kú láàárín oṣù díẹ̀. Àwọn ènìyàn á wá ní bátìrì náà ni ayédèrú.

Àìsàn kejì rẹ̀ ni pé ó ń ṣáàjì ní méjì-méjì. Ihò méjì ló wà lórí okùn iná kan náà. Bí ẹ bá fi bátìrì tó ṣẹ́ kù ní ìdajì pọ̀ mọ́ èyí tó gbẹ, iye iná kan náà ló ń wọ inú àwọn méjèèjì: ti àkọ́kọ́ á kún àkúnwọ́sílẹ̀, èkejì á ṣì wà lójú ọ̀nà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí máíkì wa gan-an nìyẹn.

Ṣájà ọlọ́gbọ́n kì í gbẹ́kẹ̀ lé wákàtí. Fólítì bátìrì ló ń wò, ihò kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Nígbà tí NiMH bá ń gba iná, fólítì rẹ̀ ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Bó bá ti kún, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, fólítì náà á sì yíjú padà wálẹ̀ díẹ̀, nǹkan bí ẹ̀gbẹ̀rún-ìdá fólítì 5 sí 10. Ìyípadà kékeré yẹn ni ṣájà ń dúró dè. Bó bá ti rí i, ó gé iná. Àwọn tó dára tún ń wo ìgbóná ara bátìrì, wọ́n sì ní táímà bí ààbò ìkẹyìn. Tí iná ìjọba bá lọ tó sì dé, òun náà á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n bí bátìrì bá ti kún, kò ní pẹ́ tí àmì náà á fi yọjú, á sì dáwọ́ dúró. Fún ẹni tó ń gbé níbi tí iná kò dúró sójú kan, kò sí àǹfààní ṣájà ọlọ́gbọ́n mìíràn tí mo lè fi wé èyí. Àwọn ènìyàn máa ń rà á nítorí ojú dígítà tó ń tàn lára rẹ̀. Ní tèmi, iṣẹ́ tó ń ṣe lóru nígbà tí iná bá já tó sì tún padà ni mo sanwó fún.

Ó ní ibi tó kù sí, kò yẹ kí n fi pamọ́. Tí iná tó ń fúnni bá kéré jù fún bátìrì, àmì wíwálẹ̀ fólítì yẹn kì í hàn dáadáa, ṣájà sì lè má rí i. Bátìrì tó ti darúgbó náà lè tàn án, kó dáwọ́ dúró kó tó kún. Bátìrì tó gbẹ pátápátá, tí fólítì rẹ̀ ti sún mọ́ òdo, ṣájà ọlọ́gbọ́n lè kọ̀ ọ́, kó máa ṣẹ́jú sí yín bíi pé kò sí nǹkan nínú ihò. Níbẹ̀ ni ṣájà lásán ti wúlò: ẹ ki NiMH náà bọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá, kí fólítì rẹ̀ gòkè díẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ dá a padà sí ti ọlọ́gbọ́n. Mi ò sọ ṣájà àtijọ́ mi nù nítorí iṣẹ́ yìí nìkan.

Ẹ jẹ́ ká wá fi wọ́n wé wákàtí iná. Àwọn tó ń pín iná ní Nàìjíríà pín wa sí ìpele: A ní wákàtí 20 ó kéré tán lójúmọ́, B ní 16, C ní 12, D ní 8, E ní 4. Lórí ìwé nìyẹn. Ẹ̀yin lẹ mọ bó ṣe rí lójú pópó yín. Ṣájà lásán tó nílò wákàtí 16 lè parí iṣẹ́ ní òòjọ́ kan lórí A àti B. Lórí D, ọjọ́ méjì gbáko ni. Ṣájà ọlọ́gbọ́n tó ń fi 500 mA sínú fíngà 2000 mAh parí láàárín wákàtí márùn-ún, nítorí náà ó tọ́ sí ilé tó wà ní D. Tí ẹ bá wà ní E, ẹ wá èyí tó lè fi 1000 mA sínú ihò kọ̀ọ̀kan, wákàtí méjì ààbọ̀ tó fún un. Tàbí kí ẹ ra èyí tó ń gba iná láti ojú USB, kí páwá báńkì tàbí sólà máa bọ́ ọ lọ́sàn-án. Èyí ni mo yàn fún ìyá mi ní Ìsẹ́yìn, n kò sì kábàámọ̀.

Owó iná kì í ṣe ìdí láti sá fún èyíkéyìí nínú wọn. Fíngà mẹ́rin tó kún ní nǹkan bí wáàtì-wákàtí mẹ́wàá nínú. Bí ẹ bá tilẹ̀ sọ ọ́ di ogún nítorí ohun tó ń ṣòfò, ìyẹn jẹ́ ìdá kan nínú àádọ́ta yúníìtì iná. Bí yúníìtì kan bá jẹ́ ₦210, owó rẹ̀ kò ju ₦4 àti kọ́bọ̀ díẹ̀ lọ.

Bí títóbi bátìrì ṣe ń yí ìyàn padà

| Bátìrì | mAh tó jẹ́ òótọ́ | Iná tó yẹ ẹ́ | Wákàtí |
|---|---|---|---|
| AAA, fíngà kékeré | 750–900 | 300–500 mA | 2 sí 3½ |
| AA, fíngà | 1900–2500 | 500–1000 mA | 2½ sí 6 |
| C | 4000–5000 | 1000 mA sókè | 5 sí 6 |
| D, bátìrì ńlá | 8000–10000 | 1000–2000 mA | 5 sí 12 |
| 9V | 150–250 | nǹkan bí 20 mA | 10 sí 16 |

Fíngà ni ìrọ̀rùn jù. Gbogbo ṣájà ló ń gbà á, ibẹ̀ náà sì ni bátìrì rere pọ̀ sí. Ìyàtọ̀ tó yẹ kí ẹ wò ni èyí tí iná kì í tètè sá kúrò nínú rẹ̀. NiMH ìgbà àtijọ́, ẹ ṣáàjì rẹ̀ lónìí, ẹ gbé e sínú dúrọ́ọ̀, lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ẹ óò bá a ní gbígbẹ. Ní 2005, Sanyo ti Japan mú Eneloop jáde, tó ń di iná rẹ̀ mú fún ìgbà pípẹ́. Abẹ́ Panasonic ló wà báyìí, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ mìíràn sì ń ṣe irú rẹ̀. Èyí ni kí ẹ rà fún ẹ̀rọ ìfúnpá àti tọ́ọ̀ṣì tí ẹ kì í lò lójoojúmọ́.

Ẹ má sì jẹ́ kí nọ́ńbà ńlá tàn yín. Eneloop tó ní 1900 mAh ó kéré tán, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní ó lè gba ṣáàjì tó ìgbà 2100. Èyí tó ní 2500, ìgbà 500 ni wọ́n kọ fún un. Bí wọ́n bá rọ nǹkan púpọ̀ jù sínú agolo kan náà, agolo náà á tètè gbó. Fún máíkì tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́rin lọ́sẹ̀, 1900 tó. Fún ẹni tó ń fi fíláàṣì ya àwòrán ìgbéyàwó láti àárọ̀ dalẹ́, 2500 ni yóò tọ́ sí i. Bí ẹ bá rí fíngà NiMH tí wọ́n kọ 4000 mAh sí lára lọ́jà, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Fíngà NiMH kì í gbà tó bẹ́ẹ̀.

Fíngà kékeré nílò àánú. Ṣájà kan tó ń fi 1000 mA sínú ihò, bó ṣe yá fún fíngà tó, ìyà ni fún AAA 750 mAh; á gbóná débi pé ọwọ́ ò ní lè dì í mú. Ṣájà ọlọ́gbọ́n tó dára máa ń mọ̀ pé AAA ló wọlé, á sì dín iná kù fúnra rẹ̀, torí irin ibi tí AAA ń kàn kì í ṣe irin ibi tí fíngà ń kàn. Lórí èyí tó ní bọ́tìnì, ẹ̀yin lẹ máa yàn án: 300 tàbí 500, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n kan kò jẹ iná púpọ̀, alkaline lè lo ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ nínú rẹ̀, nítorí náà bó bá jẹ́ rìmóòtù àti aago ògiri nìkan lẹ fẹ́ ra ṣájà sí, ẹ fi owó yín ra nǹkan mìíràn.

Bátìrì ńlá ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí jù, ibẹ̀ ni mo sì ti pàdánù owó. Mo ra D mẹ́rin fún rédíò ìyá mi, ara wọn dán, wọ́n ní ṣáàjì. Nígbà tí mo gbé ọ̀kan lọ́wọ́, ó fúyẹ́ bí ike. Mo wá ka lẹ́tà wínníwínní tó wà lára rẹ̀: 2500 mAh. Fíngà kan ni wọ́n fi agolo ńlá bò, òfìfo ni ìyókù. D gidi ní 8000 sí 10000, ó sì wúwo ju gíráàmù 140 lọ. Fíngà kan kò ju gíráàmù 30. Nítorí náà, ẹ gbé e lọ́wọ́ kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì ka mAh rẹ̀. Bó bá jẹ́ 2500 ni, kò sí ìdí láti san owó D.

Tí ẹ bá ní D gidi, ṣájà fíngà lásán kò lè ràn yín lọ́wọ́, yálà torí ihò rẹ̀ kéré tàbí torí iná rẹ̀ kò tó. Ẹ wo ìṣirò yìí: 10000 mAh lórí ṣájà 500 mA gba wákàtí 24 ó kéré tán. Àwọn ṣájà ọlọ́gbọ́n kan ní táímà ààbò tí yóò gé iná kó tó tó bẹ́ẹ̀, ẹ óò sì rò pé bátìrì ti kún. Àmì wíwálẹ̀ fólítì náà á ti fara sin lórí iná kékeré bẹ́ẹ̀. Ṣájà fún D gbọ́dọ̀ lè fúnni ní 1000 mA ó kéré tán, 2000 ló dára jù. Ó gbówó lórí, ó sì tóbi lórí tábìlì.

Ọ̀nà kejì ni ike ìbọ̀ tí wọ́n ń ki fíngà sí kó lè tóbi bíi D. Òun ni mo gbà níkẹyìn. Rédíò ìyá mi, bó bá ń jẹ 100 mA nígbà tó bá ń sọ̀rọ̀ ní ìwọ̀nba, fíngà 2000 mAh á gbé e fún wákàtí 20, D gidi á gbé e fún 100. Ìyá mi ń gbọ́ rédíò ní wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún lójúmọ́. Ó ń ṣáàjì lẹ́ẹ̀kan láàárín ọjọ́ mẹ́rin, ó sì ní mẹ́rin mìíràn ní ìpamọ́. Ṣájà kan náà tó ń lò fún tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ló ń ṣe ti rédíò. Ẹni tó bá ń gbé rédíò lọ oko fún ọ̀sẹ̀ kan níbi tí kò sí iná rárá, ẹni yẹn ni D gidi yẹ.

C dà bí D, àfi pé ohun èlò tó ń lò ó kò wọ́pọ̀ mọ́. Ike ìbọ̀ wà fún un pẹ̀lú.

9V onígun mẹ́rin ni ṣájà ọlọ́gbọ́n ti kùnà jù. Kódà lórí ṣájà olówó gọbọi, ihò 9V sábà máa ń jẹ́ ti ṣájà lásán tàbí ti táímà. Ẹ wo fólítì tí wọ́n kọ sára bátìrì náà kí ẹ tó rà á. Èyí tó ní ẹyọ NiMH mẹ́fà nínú jẹ́ 7.2, èyí tó ní méje jẹ́ 8.4. Máíkì aláìníwáyà tó ń retí 9 á bẹ̀rẹ̀ sí í tan iná pupa pẹ̀lú 7.2 láti ìbẹ̀rẹ̀ ìsìn. 8.4 ni kí ẹ béèrè fún. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ra máíkì ni, ẹ ra èyí tó ń lo fíngà, kí ẹ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ 9V.

Ti 18650, inú fáànù àti àtùpà oníṣáàjì lẹ óò ti pàdé rẹ̀: lithium ni, ìpọn rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 18, gígùn 65, ó sì ń kún ní fólítì 4.2. Ṣájà ọlọ́gbọ́n kan wà tó ń gba lithium àti NiMH pọ̀, tó sì ń mọ èwo ló wọlé. Bí ẹ kò bá rí i kà lára ṣájà yín pé ó ń gba Li-ion, ẹ má dán an wò. Èyí tí wọ́n kọ 9900 mAh sí lára lórí àtẹ, irọ́ ni. 18650 kankan kò gbà tó ìdajì ìyẹn.

Ohun tí mo máa ń wò lára páálí ṣájà

Mo kọ́kọ́ ń ka iná atọ́ka. Ihò mẹ́rin pẹ̀lú iná atọ́ka mẹ́rin, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó ń wo bátìrì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ihò mẹ́rin pẹ̀lú iná méjì, méjì-méjì ló ń ṣáàjì, ohun yòówù tí wọ́n ìbáà kọ sára páálí. Bí ẹ bá ki bátìrì kan ṣoṣo bọ̀ ọ́ tí kò bá ṣiṣẹ́, kò sí àríyànjiyàn mọ́.

Lẹ́yìn náà, mo ń wo ibi tí wọ́n kọ INPUT sí. Àwọn ará wa tó wà ní Amẹ́ríkà máa ń fi ṣájà ránṣẹ́ sílé pẹ̀lú ìfẹ́, iná wọn lọ́hùn-ún sì jẹ́ fólítì 120. Tí ẹ bá rí 100–240V lára rẹ̀, ó lè ṣiṣẹ́ níbí, púlọ́ọ̀gì rẹ̀ nìkan lẹ máa pààrọ̀. Tí ó bá jẹ́ 120V nìkan, ẹ má kì í bọ ògiri. Ti Bìrìtìkó kò ní wàhálà, fólítì àti púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wọn bá tiwa mu. Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹ̀bùn ránṣẹ́ láti ibikíbi, kó kúkú ra èyí tó ń lo USB.

Ojú dígítà tó ń fi mAh hàn wúlò fún ẹni tó ní bátìrì púpọ̀. Lórí irú ṣájà bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ kan wà tí yóò fa iná inú bátìrì gbẹ, tí yóò tún un kún, tí yóò sì sọ iye tó kù nínú agbára rẹ̀ fún yín. Ó lè gba odindi ọjọ́ kan. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni mo ń ṣe é fún ti ìjọ. Mo fi máákà kọ nọ́ńbà sára bátìrì kọ̀ọ̀kan, 1 dé 16, mo sì so wọ́n pọ̀ ní méjì-méjì tí agbára wọn sún mọ́ra. Bátìrì méjì tí a kò so pọ̀ dáadáa, èyí tó kéré ló ń pa máíkì, bí èkejì tilẹ̀ ṣì kún.

Ṣájà tó ń ṣèlérí pé òun lè kún fíngà láàárín ìṣẹ́jú 15 tàbí 30, mo máa ń fi í sílẹ̀. Ooru wa ti pọ̀ tó. NiMH kò fẹ́ kí wọ́n ṣáàjì òun níbi tó gbóná ju ìwọ̀n Celsius 45 lọ, yàrá onípáànù ní oṣù kẹta sì lè sún mọ́ 40 lọ́sàn-án kí ṣájà tó fi tirẹ̀ kún un. Ẹ ṣáàjì lóru tàbí lójú fèrèsé, kí ẹ má sì bò ó mọ́lẹ̀.

Èwo wá ni tiyín?

Tó bá jẹ́ pé ilé yín ní ẹ̀rọ ìfúnpá, tọ́ọ̀ṣì méjì àti ohun ìṣeré ọmọ, ṣájà ọlọ́gbọ́n oníhò mẹ́rin tó ń gba AA àti AAA, 500 mA, tí kò tilẹ̀ ní ojú dígítà, tó. Ẹ fi owó tó kù ra fíngà mẹ́jọ tó ń di iná mú. Ìjọ, mọ́ṣáláṣí, tàbí ayàwòrán nílò oníhò mẹ́jọ pẹ̀lú ojú dígítà, tí ẹ lè yan iná ihò kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí bátìrì ńlá pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kó kọ́kọ́ dán ike ìbọ̀ wò fún oṣù kan kó tó ná owó ṣájà D. Ẹni tó ti ní ṣájà lásán tí kò sì lágbára àtirà òmíràn báyìí, ẹ lò ó, ṣùgbọ́n ẹ máa so bátìrì tó jọ gbẹ pọ̀, ẹ kọ aago tí ẹ ti bátìrì bọ̀ ọ́ sórí ìwé, kí ẹ sì ṣírò wákàtí tí iná fi wà nìkan. Ṣájà oní-táímà nìkan ni n kò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti rà ní ilé tí iná ń já.

Ìyá mi ti mọ tirẹ̀ lò. Kò pè mí mọ́ láti béèrè bóyá ó ti kún. Ìgbà tí ihò kẹta bá ń sọ nǹkan tó yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù ló máa ń pè, á sì ka nọ́ńbà tó wà lára bátìrì náà fún mi kí n lè wá òmíràn tí yóò rọ́pò rẹ̀.